Àtẹ́rígbà

Káfíńtà ni mí ní Dei-Dei, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń la pákó.
Mo mọ ikán ju bí mo ṣe mọ àna mi lọ.
Ikán kì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Á fi ọ̀dà sílẹ̀ bó ṣe wà, á fi ojú igi sílẹ̀ ní dídán,
inú ni yóò máa jẹ, lọ́dún dé ọdún,
títí di ọjọ́ tí ẹnìkan á fi èjìká gbún àtẹ́rígbà,
tí yóò dà lé e lórí bí ìyẹ̀fun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ní Gwagwalada.
Dókítà ya ilé ọmọ sórí ìwé, ó ya ọrùn rẹ̀,
ó ní, "Ibí ni. Ẹnu ọ̀nà."
Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí,
tí ọkùnrin ń gbé fún obìnrin, tí obìnrin ń gbé fún ọkùnrin
lórí ẹní, láìsí ibà, láìsí egbò.
Ara ọ̀pọ̀ èèyàn á lé e jáde kí wọ́n tó mọ̀ pé àlejò wọlé.
Lára ẹlòmíràn, á jókòó.
Ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Á máa jẹ igi, títí tí yóò fi di jẹjẹrẹ.

Àwẹ̀ró,
nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn tí a bá sùn pọ̀,
a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo dín ṣúgà inú ògì kù.
Nígbà tó ń yọ láàárín oṣù, o ní ọyẹ́ ló fà á,
o ká aṣọ àtijọ́ sábẹ́, o gba ọjà Zuba lọ.
Èmi tí mo ń fi oríkèé ìka lu òpó onílé wò,
tí mo ń dẹtí bóyá ó dún bí igbá òfìfo,
n kò lu ti ilé mi wò.

Mo bi dókítà: ṣé èmi ni mo gbé e wá?
Mo rántí Minna, ọdún tí mo ń kọ́ṣẹ́,
yàrá kan tí aṣọ ìkélé jẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀.
Ó bọ́ awò ojú. "Bọ̀dá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀.
Ẹ má wá ẹni tó ṣílẹ̀kùn."
Ìdáhùn rere ni.
Kò tíì jẹ́ kí n sùn.

Wọ́n wá ní abẹ́rẹ́ dé sí ilé-ìwé Mọ́rèníkẹ́.
Ará àdúgbò ní kò ní bímọ mọ́ o, wọ́n fẹ́ dín wa kù ni.
N kò bá wọn jiyàn. Oògùn ikán ni mò ń rò,
èyí tí a ń fi kun igi òrùlé nílẹ̀, kó tó gòkè,
nígbà tí ikán kankan kò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Bá a bá ti kan páànù tán, kí la tún fẹ́ kùn?

A bá Màlámù Gàrbá lórí ìlà,
ẹni tí ń já pákó ní ìsọ̀ wa,
pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́ta nínú híjáàbù aláwọ̀ ewé.
"Ìyàwó mi àkọ́kọ́," ó ní, Yorùbá rẹ̀ ń ta bí òkúta wẹ́wẹ́,
"ibẹ̀ náà ni."
Kò fi kún un.

Nọ́ọ̀sì Ladì gún Mọ́rèníkẹ́ lápá òsì.
Ó ní tó bá dàgbà, kó ṣì máa wá kí wọ́n yẹ ẹnu ọ̀nà wò;
wọ́n á fi ọtí kíkan díẹ̀ pa á, ibi tó bá ti fẹ́ bàjẹ́ á funfun.
Mo ní: bí ìgbà téèyàn ń lu òpó wò.
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ó fi ọwọ́ di apá mú.
"Bàbá, ṣé wọ́n gún Màámi náà?"
Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá lọ sí Zuba,
arère ló kún inú rẹ̀, tútù, tí wọn kò tíì kùn.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.
Mo kà dé ogún kí n tó rí ohùn mi.