Òtútù l'Épè

Ìta Màrínà, l'Épè, aago mọ́kànlá,
oòrùn ti gun orí páànù.
Tíṣà Odùfúwà jókòó sínú Pijó rẹ̀ tó dàgbà jù mí lọ,
ó ń yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà:
wù-wù-wù, wù-wù.
Ọkọ̀ kò jí.

Mẹ́ta ti wá ṣíwájú mi.
Ọ̀kan ní pọ́ǹpù ni; wọ́n ra pọ́ǹpù.
Ọ̀kan ní bátìrì ti kú; bátìrì ò kú.
Èyí àgbà wọn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó wá kábúrétọ̀ títí, bí ẹni ń wá àgbọn lórí ọ̀pẹ.
Ọkọ̀ onínọ́sù ni, bàbá, kò ní in.
Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì, owó ojú tó fi wò ó.

Èmi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.
Imú ni mo kọ́kọ́ rán níṣẹ́:
bẹntiróòlù ń rùn lẹ́nu sàlẹ́ńsà.
Mo tú púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́,
ó dúdú, ó rin gbindin bí ṣòkòtò apẹja.
Ìkejì bẹ́ẹ̀, ìkẹta bẹ́ẹ̀. Ìkẹrin tiẹ̀ ń kán tó.
Kì í ṣe ebi ló ń pa á, Tíṣà.
Omi ló pọ̀ ju ọkà.

Ta ló wá ń bu epo fún un báyìí?
Bírénbọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ò lójú,
ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń gbọ́.
Mo tọ wáyà lọ síbi tí omi ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì,
mo bá ìránṣẹ́ kékeré kan níbẹ̀,
idẹ, kò tó àtàǹpàkò mi.
Mo fi mítà wọ̀n ọ́n.
Nínú ooru tí ajá fi ń sá wọ abẹ́ tírélà,
ó ń ránṣẹ́ sókè pé òtútù ni o,
òtútù ń pa wá, ẹ bu sí i.
Ọpọlọ ń bu sí i.

Mo ṣàlàyé fún Tíṣà. Kò fèsì.
Ó bojú wo ìjókòó ẹ̀yìn,
súwẹ́tà mẹ́rin nínú ọ̀rá,
tí Àbọ̀sẹ̀dé fi ránṣẹ́ láti Kánádà.
“Èmi ni mo sọ fún un pé òtútù ń mú mi.
Bí mo bá ní ara mi le,
oṣù méjì ni kò ní pè.”

Mo yíjú sí ọ̀sà.
Kí ni mẹkáníìkì fẹ́ sọ sí ìyẹn?
Mo sá púlọ́ọ̀gì sóòrùn lórí ìwé ìròyìn.
Ọmọ iṣẹ́ mi gun ọ̀kadà lọ sí Ayétòrò,
ó mú sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ Mọ́ṣúúdù.

Ó jí.
Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó pọ èéfín dúdú lu àwọn tó ń yan ẹja,
wọ́n ṣépè, wọ́n tún rẹ́rìn-ín,
lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀, ó ń kùn bí ológbò tó yó.

Tíṣà san owó iṣẹ́ pé.
Ó tún na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ yẹn.
Ó fi áńkáṣífù wé e, ó jù ú sápò àyà.
Fóònù rẹ̀ dún kó tó fọwọ́ kan síárìn.
Ó jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo gbọ́ tó kọ́kọ́ wúkọ́,
ikọ́ tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀,
kó tó gbé e.