Ojú Kan, Ojú Méjì

Ní erékùṣù kan láàrin adágún Tánà,
ṣọ́ọ̀ṣì rìbìtì, òrùlé koríko,
Alẹ́ká Márù ń kun aṣọ tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ògiri.
Yẹ́ṣì gbé àwo àwọ̀ dání. Kò tíì mọ̀wé kà.

"Ẹni mímọ́, ojú méjì la máa ń yà fún un.
Ọ̀dàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan, ẹyọ kan ṣoṣo:
kò lè wò ọ́ tààrà."

Ọmọ náà ń ka ojú bí ẹni ń ka owó.
Màríà, méjì. Pétérù, méjì, omi sì wà níbẹ̀.
Júdásì, ẹyọ kan, ó ń wo àpò.
Àkùkọ orí ògiri pàápàá, ẹyọ kan.
"Kí ni àkùkọ ṣe?"
Bàbá ò dáhùn.
Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì wá ìka ẹsẹ̀ Jòhánù.

Ó pẹ́.
"Alẹ́ká, láti àárọ̀ tí mo ti dúró síbí,
ojú yín kan ṣoṣo ni mo ń rí."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró.
Àwọ̀ pupa kán sílẹ̀, tó, tó.
Arúgbó náà yí ọrùn díẹ̀díẹ̀,
eegun rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́,
ó kọjú sí i.
Ojú kejì ti funfun bí wàrà.
Síbẹ̀, ó ń wò ó.