Kílò Méjì

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ ránṣẹ́ sí olóòtú
ni pé Àkúrẹ́ jẹ́ ìlú tó lẹ́wà, tó kún fún ìtàn.
Ó dá mi lóhùn lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún:
"Ẹ ṣeun. Kò bá ìwé wa mu."

Ó ṣe mí bíi kí n bú u.
Mo wà lẹ́yìn káńtà kẹ́mísì ní Ìjọ̀kà,
mo ń ka oògùn ibà sínú ọ̀rá fún ìyá ọmọ kan,
mo ṣèèṣì fi hóró méjì lé e, torí ojú mi wà lára fóònù.

Mo tún kọ. Mo kó ọ̀rọ̀ ńláńlá jọ bí ẹni ń kó ẹrù ìyàwó:
ìrìn-àjò ẹ̀dá, òkùnkùn ayé, ìmọ́lẹ̀ ìrètí.
Tíṣà Akínfọlárìn, tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi
láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì,
kà á lórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn.
"Ta ló kọ èyí?"
"Èmi ni, sà."
Ó yí ẹ̀yìn ìwé náà wò, ó tún yí i padà.
"Níbo lo wà nínú ẹ̀?"

Ó ní kí n lọ kọ ohun kan tó ń tì mí lójú.
Kó má gùn. Kó ní òórùn.
Kí n má sọ pé inú mi bàjẹ́,
kí n sọ ohun tí mo ń wò nígbà tó bàjẹ́.

Ohun tó ń tì mí lójú wà lára ògiri ilé wa ní Oǹdó,
ó so kọ́ lórí ìṣó, ó ti dípẹtà:
ìwọ̀n tí bàbá mi fi ń ra kòkó.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ń di ẹnu àpò mú.
Kòkó ń rùn bí ọtí kíkan.
Bàbá Fátúróti, ará Àpọ́nmù, ṣí fìlà, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀,
kò wo abẹ́rẹ́ ìwọ̀n. Ó gbà wá gbọ́.
Èmi ni mo wò ó.
Kí àpò tó gùn ún, abẹ́rẹ́ kò sí lórí òdo,
kílò méjì ló fi wà lẹ́yìn rẹ̀.
Bàbá mi mọ̀. Òun ló fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́.

Kílò méjì lára àpò kan.
Àpò mélòó ni sáà kan? Sáà mélòó?
Bàtà Kérésì mi wà nínú ẹ̀.
Ilé-ìwé tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka kílò,
kílò yẹn ló san án.

Òru mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Wọ́n ti mú iná lọ,
bátìrì fóònù ń kú lọ lọ́wọ́ mi.
Mo pa ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́. Mo pa ìkejì rẹ́.
Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ara ìṣó.

Ó wá ku lẹ́tà sí olóòtú, òun ló le jù.
Tíṣà ní gbólóhùn mẹ́ta ti tó:
ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ èmi ni mo máa sọ ọ́,
ìdí tó fi jẹ́ ìsinsìnyí.
Mo kọ "ẹ dákun" sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fagi lé gbogbo ẹ̀.
"Ọjà lò ń tà, o ò tọrọ.
Àmọ́ má fi èrú sí ìwọ̀n."
Kò tíì ka àròkọ náà nígbà yẹn.
Mo lọ sí ẹ̀yìn kẹ́mísì, mo lọ bọ́jú.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó,
mo kà á fún ìyá mi. Ó ń ṣa ìrẹsì.
Mo kà á tán. Kò gbójú sókè.
Ó ní, "Kílò mẹ́ta ni."

Inú mọ́tò ni mo ti tún un ṣe.
Mo kọ mẹ́ta síbi tí méjì wà,
mo fi ìyá mi kún un, tòun ti àtẹ ìrẹsì.
Ní Àpọ́nmù, ẹnìkan wọlé tòun ti àpò;
awakọ̀ fi ọwọ́ gbé e wò, ó dá iye lé e,
onítọ̀hún san án, kò jiyàn.
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Nẹ́tíwọ̀kì ń yí, ó ń yí.