Ohun Tó Wà Nínú Ariwo

Lọ́jọ́ tí ìyá mi fà mí lé Olúbíyọ̀ lọ́wọ́,
ní ilé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ní Ìsánlú, létí ọ̀nà Mọ̀pà,
kò fún mi ní sípánà, kò fún mi ní àkísà.
Ó ní, "Jókòó síbẹ̀ yẹn. Fetí sílẹ̀."
Mo jókòó. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè.
Eruku èlùbọ́ bo ìpéǹpéjú mi,
àwọn obìnrin tò pẹ̀lú abọ́ lórí,
ọ̀kan ń bú èkejì nítorí ẹni tó kọ́kọ́ dé.
Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó pa ẹ̀rọ.
"Kí lo gbọ́?"
"Ariwo, Bàbá."
"Ó dáa. Máa lọlé."

Oṣù mẹ́rin gbáko.
Kí lo gbọ́? Ariwo.
Kí lo gbọ́? Ariwo.
Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ ti ń rán ṣòkòtò,
èmi nìkan ló ń kọ́ iṣẹ́ ìjókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ kan inú bí mi, mo ní,
"Bàbá, etí mi ò di."
Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi kẹrosíìnì nu ọwọ́.
"Mo mọ̀ pé o létí. Ewúrẹ́ náà létí.
Ṣé o fi tìrẹ sílẹ̀ ni mò ń bi ọ́.
O gbé e dání sórí, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti oúnjẹ alẹ́.
Sọ ọ́ kalẹ̀, bí aláàárù ṣe ń sọ ẹrù.
Iyè náà ńkọ́? À ń fi í sí nǹkan ni,
bí a ṣe ń fi owó sí òwò.
Ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ sí i, èrè wo ló ń retí?"

Ọyẹ́ ló mú un wá. Láàárọ̀ kan tí eruku ti gbé òkè mì,
ọwọ́ mi wà lábẹ́ abíyá, n kò retí ohunkóhun.
Ariwo náà kàn là sí wẹ́wẹ́.
Mo gbọ́ bẹ́líìtì tó ń sín.
Mo gbọ́ irin ìlọta tó ń jẹ ara rẹ̀.
Lábẹ́ wọn, nǹkan kan ń tiro,
gbì, gbì, gbì, fẹ̀ẹ́, gbì,
bí àgbàlagbà tí ẹ̀gún gún lọ́nà oko
tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀.
Mo nàka. "Ibẹ̀ yẹn."
Ó pa ẹ̀rọ, ó tú u. Nọ́ọ̀tì kan ti tú dé ìdajì.
Kò yìn mí. Ó kàn kí mi bí wọ́n ti ń kí ẹni tó toko dé:
"Òkun o."
Ó sì na sípánà sí mi.

Ìbá dùn kí n parí rẹ̀ síbẹ̀.
Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, nínú yàrá tí mò ń sùn,
ìyá mi ń wúkọ́.
Ikọ́ náà ní bó ṣe ń tiro:
lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta á dúró díẹ̀,
bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn.
Mo gbọ́ ọ. Ariwo ni mo pè é. Mo faṣọ borí.
Èmi tí mo mọ nọ́ọ̀tì tó tú lábẹ́ irin,
n kò sọ etí kalẹ̀ fún ẹni tó bí etí náà.
Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti dọsibítù.
Dókítà gbé irin tútù lé e láyà, ó dijú,
gan-an bí Olúbíyọ̀ ṣe máa ń dijú.
Kò bi mí pé kí lo gbọ́.

Ọmọ Ìbítóyè ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí.
Ìrọ̀lẹ́ àná mo pa ẹ̀rọ, mo bi í.
"Ariwo, ọ̀gá."
Mo ní ó dáa, kó máa lọlé.
Ó ti dé ìdí igi kajú kí n tó pè é padà.
"Tó o bá délé, ta ló ń wúkọ́?
Lọ́la ni kó o sọ fún mi."