Ọ̀pá Yọ Lórí Wáyà

Mẹ́sàn-án ni mo jẹ.
Ẹ má bi mí ní iye tí mo pè fún Tẹ́kla:
mo ní méjì, mo sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àná ni Ọjọ́bọ̀ Ọlọ́ràá nílùú Lublin,
ọjọ́ tí a ń din pọ́nṣíkì kí ààwẹ̀ tó wọlé,
jáàmù òdòdó rósì nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún,
ṣúgà lórí rẹ̀ bí yìnyín ìdájí.
Láago márùn-ún, ìlà ti gùn níwájú ilé búrẹ́dì:
nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru,
géńdé onífìlà onírun,
àlùfáà kan tí kò fẹ́ ká rí òun.
Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹnu kan ẹyọ kan lónìí,
oríire rẹ̀ á gbẹ títí ọdún á fi yí po.
Mo ní kó má gbẹ o.

Èkíní, ọ̀bẹ ni mo fi gé e sí mẹ́rin, bí ọlọ́gbọ́n.
Èkejì, ọ̀gá ibùdókọ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́,
ta ní í kọ oúnjẹ ọ̀gá?
Ẹ̀kẹta, n kò mọ ìgbà tó wọlé.
Nígbà tílẹ̀ fi ṣú, mo dúró nílé ìdáná láìtanná,
mò ń lá ṣúgà níka ọwọ́ mi.
Ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run:
mo gbabẹ̀ lálẹ́ àná, n kò sanwó ibodè.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi jẹ kábéèjì.
Àtẹ̀gùn ilé wa jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
mo ti ń gùn ún láìdúró mí hẹlẹ lójú fèrèsé.
Kílò mẹ́fà ti lọ,
ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí àlejò tó mọ̀wà.
Láàárọ̀ yìí mo gun ìwọ̀n.
N kò ní í sọ ohun tó wí.
Mo fẹsẹ̀ tì í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo wá rí mẹ́ta tó ṣẹ́kù nínú páálí,
ohùn kan sì ń wí nínú mi pé:
ilé tó ti ń jóná, ta ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀?

Mo pa páálí náà dé. N kò jẹ ẹ́. N kò dà á nù.
Mo wọ kóòtù, mo lọ síbi iṣẹ́.

Bọ́ọ̀sì oníná ni mò ń wà,
irú èyí tó yọ ọ̀pá méjì lórí bí ìwo kòkòrò,
tó fi ń fa iná lára wáyà òkè títì.
Ní kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè, yìnyín ti dì mọ́ wáyà,
mo yà á kọjá bó ṣe yẹ,
gbàù! Ọ̀pá yọ.
Iná kú. Ooru dákẹ́. Gbogbo èrò gbójú sókè.
"Ó tún dé," ni bàbá kan wí.

Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé lórí ìjókòó yìí,
n kò bú bọ́ọ̀sì rí nítorí ọ̀pá tó yọ.
N kò dá a padà síbùdó
pé kó lọ tún ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
N kò sọ féèrò pé kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, ó di Ọjọ́ Ajé.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo bọ́ sínú òtútù,
mo di okùn ẹ̀yìn ọkọ̀ mú, mo gbórí sókè,
ọ̀pá ń gbọ̀n bí ọwọ́ ọ̀mùtí tó ń wá ihò kọ́kọ́rọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan, ó tàsé.
Ẹ̀ẹ̀kejì, ó tàsé, yìnyín já bọ́ sí mi lọ́rùn.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bá a.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Mo padà jókòó,
ikùn mi ṣì ń kan ọwọ́ ọkọ̀ díẹ̀, bíi tàná.

Ìdúró tó tẹ̀ lé e ni Tẹ́kla ti wọlé.
Ó dúró tì mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Brónka, ṣé méjì náà ni lóòótọ́?"
"Mẹ́sàn-án."
Ó mí kanlẹ̀. "Mọ́kànlá," ló wí,
ó fa ápù méjì yọ nínú báàgì,
ó nu ọ̀kan mọ́ kóòtù, ó nà án sí mi.
Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.
Níbi iná pupa, mo jẹ ẹ́ tòun ti hóró.