Itan Màlúù ní Kámáàdìn

Òjò wínníwínní lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù,
Gẹ́tìn alápatà la itan màlúù níwájú mi.
"Wò ó," ó ní: ìdì nínú ìdì,
awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wé ọ̀kọ̀ọ̀kan,
títí ojú kò fi lè rí òwú mọ́.

Ìbídùn ọmọ mi sọ ìyókù lórí fóònù láti Súwánsì:
òwú kankan kì í kúrú, Bàámi.
Èyí tó tín-ín-rín ń yọ́ wọ àárín èyí tó nípọn,
bí ìka ọ̀tún ṣe ń wọ àlàfo ìka òsì.
Iṣan kò mọ títì. Fífà ló mọ̀.

Mo ní, ẹran tó kú ńkọ́, tó gan bí igi?
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Agbára la fi ń dìmú, ó ní,
agbára la sì fi ń tú ọwọ́ sílẹ̀.
Òkú kò ní ti ìtúsílẹ̀.

Lóru, pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀.
Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mò ń fọwọ́ ra á,
mo rántí ìyá mi ní pápákọ̀ òfurufú:
ọwọ́ arúgbó, egungun lásán,
tó dì mí mú ṣinṣin,
tó tún rí okun tó fi jọ̀wọ́ mi.