Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ní Mọ́níyà

Wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ti rí i,
bébà tí wọ́n fà ya lára ìwé ìṣirò:
"À ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé." Kò sí orúkọ nísàlẹ̀.

Láti àná ni fóònù ò ti sinmi.
Ìyá Fadérera ní tòun ò níí lọ.
Tíṣà Akínfẹ́nwá ní ọmọ tó ń sá fún ìdánwò ló kọ ọ́.
Ó ṣeé ṣe. Ìkọ̀wé ọ̀hún wọ́ bíi ti ọmọdé.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ò mọ̀wé kọ náà lè di ìbọn mú.

Bàbá wọn ń lọ yunifọ́ọ̀mù.
Kò sọ̀rọ̀. Ó lọ kọ́là kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Èmi ń di ìrẹsì sínú ike,
mo tún ń tú u.

Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún;
tó bá ti fọn, wọ́n á ti wẹ̀ tán.
Bí mo bá dá a dúró lónìí,
ta ni yóò wá sọ fún mi pé ẹ̀rù ti tán?
Géètì tiwa náà ńkọ́? Okùn la fi so ó.

Ọláníhùn yọjú, bàtà òsì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún:
"Màámi, ẹ bá mi rí rúlà mi?"

A wo ojú ara wa.
Ọkọ mi yọ okùn áyọ́ọ̀nù lára ògiri.
Mo ní, "Jókòó. Jẹun ná."